Ó Gan, Kò Yi: Ìdí Tí A Fi Yan Ọ̀pá Fáíbà fún Omi Ìkẹ̀rẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn kan ti rí wa pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ ṣáá: kí ló pa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti ọ̀pá ìwọ̀ pọ̀? Ẹ̀gbọ́n wa kan tilẹ̀ béèrè bóyá fonọ́lọ́jì ló le jù tí a fi sá lọ sí etí odò. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà yẹ ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì gùn ju ohun tí a lè sọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lọ.

Èrò wa nìyí, a ó sì sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ní a fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀pá ìpẹja àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ògùn, fáíbà ni kó rà, kó má ra kábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n kó tó ná kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ lọ gé ọparun. Lékè gbogbo rẹ̀, kó mọ orúkọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ní èdè ara rẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá lè pè lórúkọ, ẹni tó ń tà á ni yóò bá wa pè é, bó bá sì ṣe pè é ni a ó ṣe sanwó rẹ̀.

Irú ìpẹja wo ni à ń wí?

Ìwọ̀ tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré kò ní wàhálà. Ọparun gígùn kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀, ekòló, àti òjé kékeré tí yóò fa gbogbo rẹ̀ wọ omi. Òjé yẹn ló ń gbé okùn lọ. Bí a bá ju òjé, okùn á tẹ̀ lé e.

Ti ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Dípò ekòló, ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni a ó so mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́. Nǹkan náà fúyẹ́ bí èémí. Ẹ kò lè jù ú lọ síbì kankan. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kíki àti wíwúwo. Ẹ ó fi ọ̀pá gbé okùn náà sẹ́yìn lókè, ẹ ó dúró títí yóò fi nà tán, wíwúwo rẹ̀ yóò tẹ ọ̀pá, ọ̀pá yóò sì ta padà, yóò gbé okùn lọ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí, ẹ mọ ohun tí à ń sọ: okùn ni òkò, ọ̀pá ni kànnàkànnà. Bí kànnàkànnà kò bá dára, òkò kò lè dé ibi tí a rán an.

A kò ní parọ́ fún yín pé àwọn bàbá ńlá wa ní Ṣakí ló bẹ̀rẹ̀ irú ìpẹja yìí. Ọwọ́ òkèèrè ló ti wá. Ṣùgbọ́n ó ti dé àdúgbò wa: ní odò Faro, ní àríwá Kamẹrúùnù, àwọn àlejò ń ti ìlú òyìnbó wá láti fi irú ìwọ̀ yìí pa ẹja. Kò sí ohun tó ní kí ọmọ Òkè-Ògùn má lè ṣe é ní odò tirẹ̀.

Odò tiwa sì wà. Odò Ògùn ti agbègbè Ṣakí ṣẹ̀ wá, ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó kan Abẹ́òkúta, títí ó fi wọ ọ̀sà Èkó. Dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé dí i ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Iná mànàmáná, omi mímu àti omi oko wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, ìgèrè, àti àwọn ènìyàn tí ẹja ń bọ́. Epìyà wà ńbẹ̀, àrọ̀ wà ńbẹ̀, obòkun náà wà.

Ohun tí ojú wa rí

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa mẹ́rin dá owó jọ. A fẹ́ ra ohun tí a ń pè ní ọ̀pá ìhòòhò: ọ̀pá tí kò tíì ní ìdìmú, tí kò ní òrùka tí okùn ń gbà kọjá, tí kò ní ibi tí kẹ̀kẹ́ okùn ń jókòó sí. Olóyìnbó ń pè é ní blank. Ẹni tó bá rà á ni yóò wọ aṣọ fún un.

Ọkùnrin tó tà á fún wa béèrè pé irú èwo ni a ń fẹ́. A ní, "Èyí tó lágbára." Ó ní kábọ́ọ̀nù ló lágbára jù. A gbà á gbọ́. A kò mọ̀ pé ìdáhùn wa ti tà wá kí òun tó la ẹnu.

A ṣe ọ̀pá náà dáadáa. Òwú tí a fi so òrùka mọ́ ọn, Ìṣẹ́yìn ni a ti rà á, ní ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ òfì. Ọ̀kan nínú wa tí wọ́n bí sí ilé ahunṣọ ló fi ọwọ́ wé e, ó sì dán bí ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. A gun ọ̀kadà lọ sí dáàmù nínú ọyẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ọ̀pá kan òkúta, ó ró "kọ̀." A yẹ̀ ẹ́ wò, a kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, epìyà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ gbé ìwọ̀. A gbé ọ̀pá sókè, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ egungun adìẹ. Ẹja lọ, okùn lọ, owó lọ.

Bàbá kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi ẹ̀mí nítòsí. Ó ti ń wò wá láti àárọ̀. A lọ kí i, a dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀. Ó gba apá tó kù nínú ọ̀pá náà lọ́wọ́ wa, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó gbé e fún wa padà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "igi yín yìí, ó gan, kò yi."

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwa tí a ti kọ ìwé ìdánwò lórí àpọ́nlé àti ọ̀rọ̀ ìṣe aṣàpèjúwe, a wo ojú ara wa.

Le, gan, yi

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ bàbá yìí, nítorí gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa yíyan ọ̀pá ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí a ní "ó lágbára," a kò sọ nǹkan kan. Yorùbá kì í kó ohun gbogbo sínú "agbára." Òkúta le. Ewé ọ̀pẹ gbígbẹ gan. Awọ ẹran yi. Ohun tó le, a kò lè fi èékánná ha á. Ohun tó gan, ó ṣòro láti tẹ̀. Ohun tó yi, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè lọ́ ọ, ẹ lè fà á, kò ní já bọ̀rọ̀. Nǹkan lè gan kó má yi: ẹ wo bíríkì amọ̀. Nǹkan lè yi kó má gan: ẹ wo rọ́bà táyà. Ọ̀pá ìpẹja nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a nílò kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn àti gbogbo omi.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà fún un. Bí a bá fi ìwọ̀n ìgan wọ̀n ọ́n, fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà lásán wà ní nǹkan bí 72 gigapascal, tí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tó wọ́pọ̀ sì tó nǹkan bí 230. Ìyẹn ni pé kábọ́ọ̀nù gan ju gíláàsì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Òun náà ló fúyẹ́ jù. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó tajà fún wa kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè èkejì: báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè nà tó kí ó tó já? Fọ́nrán gíláàsì lè nà ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀ lọ. Ti kábọ́ọ̀nù kì í sábà ju ìdá méjì lọ. Kábọ́ọ̀nù gan, fáíbà yi. Bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe kò nílò gigapascal kó tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá nìyí. Ká ní a ti mọ̀ pé "yi" ni a ń wá, tí a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tajà, owó wa kì bá má ṣòfò. Èdè wa ní ìyàtọ̀ tí a nílò. Àwa ni a kò lò ó, nítorí a ti mọ́ ọn lára pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun èlò ìgbàlódé, Yorùbá yẹ kó lọ jókòó sí ìta.

Kọ́kọ́ gé ọparun

Ìmọ̀ràn bàbá yẹn ni pé kí a lọ gé ọparun, kí a fi kọ́ ọwọ́. A ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì kábàámọ̀.

Ọparun inú ọ̀dàn ní apá ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń rí ní ilẹ̀ igbó. Ti igbó nípọn, ó sì ní ihò ńlá nínú. Ti ọ̀dàn tẹ́ẹ́rẹ́, inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Òun ló dára fún ọ̀pá ìwọ̀. Ẹ má gé ọmọdé rẹ̀ tó ń tàn yòò. Ẹ wá èyí tó ti lo ọdún bíi mẹ́ta, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì. Ẹ gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ara rẹ̀ ti dín kù, ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ẹ wá gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé kó gbẹ. Oòrùn tààrà á là á.

Ẹ tún gé àtòrì kan tì í. Kò sẹ́ni nínú wa tí kò mọ àtòrì, ẹ̀yìn wa mọ̀ ọ́n ju ojú wa lọ. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fì nínú afẹ́fẹ́. Àtòrì á tẹ̀ láti orí dé ìdí, á sì gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró. Ọparun á tẹ̀ ní apá òkè, ìdí rẹ̀ á dúró gbagidi, á sì tètè ta padà. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀pá tí wọ́n ń tà láyé wà. Bí ọwọ́ yín bá ti mọ èyí tó wù ú, kò sẹ́ni tó lè fi èdè ìpolówó tàn yín jẹ mọ́.

Ta ni fáíbà?

Fáíbà kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń fi lẹ bọ́ńpà tó ti fọ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì ní ọ̀sà Èkó. Aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun ni, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù líle rẹ. Ọmọ ahunṣọ inú wa ní òfì ni, àmọ́ òfì tí wọ́n yan nínú iná.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá rẹ̀ nìyí: wọ́n á gé aṣọ gíláàsì náà sí ìwọ̀n, wọ́n á wé e mọ́ irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí tó sì nípọn nídìí, wọ́n á fi téèpù dì í pinpin, wọ́n á yan án nínú ààrò, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ irin náà jáde. Ohun tó kù ni ọ̀pá oníhò inú tó fúyẹ́.

Nǹkan bí ọdún 1947 ni ilé iṣẹ́ Shakespeare ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọparun ni àwọn òyìnbó pàápàá ń lò. Ọparun kan láti gúúsù Ṣáínà ni wọ́n ń là tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ Ṣáínà ní 1950, ọparun náà wọ́n, fáíbà sì gba ipò. Òun ló jọba títí di àwọn ọdún 1970 tí kábọ́ọ̀nù fi dé, tí gbogbo ènìyàn sì sáré tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ fáíbà kò kú. Ní Japan àti ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń ṣe é lónìí, àwọn ènìyàn sì ń rà á tìfẹ́tìfẹ́.

Ẹ kíyè sí i: ọparun ni ìyá fáíbà. Ẹni tó bá mọ ọparun ti mọ ìdajì ọ̀nà.

Ìdí tí a fi ní fáíbà

Ìdí àkọ́kọ́ ni àpáta. Etí omi Ìkẹ̀rẹ̀ kì í ṣe pápá ìṣeré, ọ̀nà ibẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀kadà. Ọ̀pá yóò kan òkúta, yóò kan irin ọ̀kadà, ìwọ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa bà á nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ìfarapa kékeré tí ojú kò rí ló ń pa kábọ́ọ̀nù. Fáíbà ń forí jì.

Ìdí kejì ni ẹ̀kọ́. Fáíbà kì í kánjú. Bí okùn bá nà tán lẹ́yìn, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pá yóò tẹ̀ títí dé ìdìmú. Kábọ́ọ̀nù yára, kì í dúró de ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìdí kẹta ni ẹja tí a ń wá. Epìyà kì í jìnnà sí etí omi àti ibi tí koríko wà. Ẹni tó bá ju okùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 ti tó o. Ọ̀pá tó gan púpọ̀ kì í tilẹ̀ tẹ̀ dáadáa nígbà tí okùn tó jáde kò bá pọ̀, àti pé epìyà kékeré lórí fáíbà á fún yín ní ìjàkadì tí ẹ ó ròyìn nílé.

Ìdí kẹrin ni àrá. Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná kọjá. Ní ọ̀dàn gbalasa, ní oṣù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó na ọ̀pá kábọ́ọ̀nù sókè létí omi ń pe Ṣàngó ní ìpè tí kò yẹ. Fáíbà kì í gbé iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ wa dáadáa: bí àrá bá ti ń sán, ẹ gbé ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ kúrò létí omi. Ọ̀pá tí òkùnkùn òjò wà lórí rẹ̀ kò ní èyí tó dára.

Bí ẹ ó ṣe yàn án

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà. Gbogbo ọ̀pá irú èyí ní nọ́ńbà okùn tó lè gbé, nọ́ńbà náà sì dúró lórí bí ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ nínú okùn ṣe wúwo tó. Okùn nọ́ńbà 5 wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 9, nọ́ńbà 6 tó gíráàmù 10 lé díẹ̀, nọ́ńbà 8 sì lé ní 13. Fún epìyà nínú atẹ́gùn ọyẹ́, a yan 6. Ẹni tó bá ń lé àrọ̀ ńlá kó mú 8.

Lẹ́yìn náà, gígùn. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni a dá lábàá. Bó bá kúrú jù, koríko ọ̀dàn tó ga lẹ́yìn yín yóò máa gba okùn lọ́wọ́ yín. Bó bá gùn jù, fáíbà á máa wúwo lórí, ọwọ́ á máa ro yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé orí ilẹ̀ tàbí inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti máa pẹja, ẹ má rì sínú omi dé orúnkún bí àwọn tí ẹ ń rí nínú fídíò òyìnbó. Àtọ̀sí ajá wà nínú ọ̀pọ̀ omi dídúró nílẹ̀ wa.

Ẹ wò ó bóyá ó tọ́. Ẹ gbé e sójú bí ẹni tó ń yìnbọn, ẹ máa yí i. Bó bá wọ́ díẹ̀, kò burú, ẹ lè fi òrùka sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi nà. Bó bá wọ́ púpọ̀, ẹ dá a padà. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ wá egungun ẹ̀yìn ọ̀pá, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó gan ju ìyókù lọ nítorí bí wọ́n ṣe wé aṣọ rẹ̀. Ó dára láti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀pá tó tọ́ ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ẹ wo oríkèé. Ọ̀pá tó pín sí méjì ní ibi tí ọ̀kan ti ń wọnú èkejì. Ẹ tì í bọ ara wọn, ẹ fì í. Bó bá ń ró, tàbí tó ń mì, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ wá fi omi wọ̀n ọ́n. Ìdánwò yìí ló wù wá jù, kò sì gba owó kankan. Ẹ de ìdí ọ̀pá mọ́ etí tábìlì kó nà gbọọrọ. Ẹ so ọ̀rá fúlẹ́fúlẹ́ kan mọ́ orí rẹ̀. Ẹ máa bu omi sínú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀ títí orí ọ̀pá yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tó ìdá mẹ́ta gígùn apá tó yọ síta. Fún ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 81 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn omi tó wà nínú ọ̀rá: mìlílítà kan jẹ́ gíráàmù kan. Ọ̀pá tó gba omi jù ló gan jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọparun yín, fún ọ̀pá ọ̀rẹ́ yín, fún èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ tún wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀: ṣé orí nìkan ni, àbí ó dé àárín, àbí ó dé ìdí? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún yín pé "ó lágbára" kí ẹ má béèrè pé, "Ní ọ̀nà wo?"

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan ní kábọ́ọ̀nù ni ayé wà, pé fáíbà jẹ́ àpadàsẹ́yìn. A gbà pé kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ ju okùn jìnnà nínú atẹ́gùn líle yóò gbádùn rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti mọṣẹ́, tí ẹ sì ní ọkọ̀ tí ẹ ó fi gbé e, ẹ rà á. Ọ̀pá àkọ́kọ́ ni à ń sọ.

Àwọn mìíràn ní tí ọparun bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni a ń ra fáíbà fún? Ìbéèrè tó gbọ́n ni. Fún ìwọ̀ àti ekòló, ọparun ti tó, ẹ má ná owó kankan. Ṣùgbọ́n ọparun tó wúwo yóò tètè mú apá rẹ ẹni tó ń fì okùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò sì ṣeé pín sí méjì láti gbé lórí ọ̀kadà.

Àtakò tó wọ̀ wá lára jù ni ti ẹni tó ní eré ọmọ olówó ni, níbi tí àwọn mìíràn ti ń wá oúnjẹ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹja tí a bá pa ní Ìkẹ̀rẹ̀, ẹni kan wà tó nílò rẹ̀ jù wá lọ. Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé kí á kí àwọn apẹja kí á tó na ọ̀pá, kí á má lọ sí ibi tí àwọ̀n wọn wà, kí á sì dá ẹja kékeré padà sómi. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Old Oyo National Park wà nítòsí, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ lọ pẹja láìgba àṣẹ. Òfin ni.

Ohun tó kan ẹ̀ka wa

Nígbà tí a padà sí ilé ẹ̀kọ́, a jókòó, a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu bàbá yẹn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa igi, okùn àti omi sílẹ̀. Gan, yi, tẹ̀, fì, gbọ̀n, lọ́, wọ́, ṣẹ́, kán, ta padà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé wọ́n jẹ́ ètò, pé ẹnì kan lè fi wọ́n yan ohun èlò, kó má sì ṣìnà. Bàbá náà kì í pe ohun tó ṣẹ́ ní ohun tó kán. Lójú rẹ̀, igi tútù ń ṣẹ́, igi gbígbẹ ń kán. Yálà gbogbo Òkè-Ògùn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí òun nìkan, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ẹnì kan wà níbẹ̀.

A ń sọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́dọọdún pé Yorùbá lè ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ, pé kí á ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé a ti tán èyí tó wà nílẹ̀? Ẹni tó ń hun òfì ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tó ń gbẹ́ ìlù, ọdẹ tó mọ igi tó yẹ fún ọrun, apẹja tó mọ ọparun, gbogbo wọn ló ń fi Yorùbá wọn ohun tí a fi ń san owó fún ẹlòmíràn láti wọ̀n fún wa. Wọ́n ń dàgbà. Àwa sì ń jókòó sí kíláàsì, a ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Yorùbá fún ara wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà nílé àti lókè òkun, bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ má ránṣẹ́ ọ̀pá sí wa. Ẹ lọ bá ẹnì kan nínú ẹbí yín tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ tó ń pe ohun tó dára àti ohun tí kò dára, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́.

Ní tiwa, ọ̀pá fáíbà wa ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8, nọ́ńbà 6, òwú àlùkò láti Ìṣẹ́yìn. A gbé e lọ han bàbá kí a tó rì í sómi. Ó tẹ̀ ẹ́ títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdìmú, a di ojú wa. Ó tú u sílẹ̀, ó ta padà. Ó mi orí, ó ní, "Èyí yi." Ó wá bojú wo omi, ó ní kí a sún sí apá ọ̀tún díẹ̀, pé a dúró sí ọ̀nà ọkọ̀ òun.